Ẹ̀yin tí ẹ ní kí Màámi máa sinmi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, èèyàn mẹ́ta ló pè mí. Ọ̀kan wà l'Ékòó, ọ̀kan wà ní Kánádà, ilé ẹnì kẹta kò jìnnà ju ilé mẹ́rin lọ sí ilé ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ohun kan náà ni wọ́n ń wí: Màámi ń rù, oúnjẹ ò wù wọ́n, orúnkún wọn ò gbà mọ́, "ẹ ṣáà bá wa wá fi òróró wọ́ wọn lẹ́sẹ̀." Ọdún 5 ni mo fi kọ́ṣẹ́ físíò, iṣẹ́ àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti eegun, ní yunifásítì, ó sì ti di ọdún 19 tí mo ti ń ṣe é. Èmi kọ́ ni mo ń fi òróró wọ́ra. Mo bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé: ìgbà wo ni Màámi rẹ́rìn-ín kẹ́yìn? Ẹni tó wà ní Kánádà ní bóyá mi ò gbọ́ òun dáadáa, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ lòun ń sọ.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ lèmi náà ń sọ.

Àgbàlagbà tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tí òyìnbó ń pè ní depression, bá mú kì í sábà sọ pé inú òun bà jẹ́. Á ní orí ń gbóná, ara wúwo, oorun ò kun ojú, nǹkan kan ń rìn lára òun. Á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún ẹgbẹ́. Bàbá tí í múra Ojúde Ọba láti oṣù mẹ́ta ṣáájú, tó ti mọ aṣọ tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn máa wọ̀ kí télọ̀ tó gbọ́, á kàn sọ lọ́dún kan pé òun ò lọ, ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹ má kàn ra ìpara fún ẹ̀yìn yẹn. Àwọn oníṣègùn Ìbàdàn ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn àgbà tó lé ní 2,000 nílẹ̀ Yorùbá, ẹni ọdún 65 sókè, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007: bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ìrẹ̀wẹ̀sì tó le ti mú rí láyé rẹ̀. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi mọ́ pé àìsàn òyìnbó ni.

Ní 2001, Linda Fried àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ l'Ámẹ́ríkà to àmì márùn-ún tí a fi ń mọ àgbà tó ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ó rù tó kílò mẹ́rin àbọ̀ lọ́dún kan láìgbèrò rẹ̀. Ó ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá. Ọwọ́ rẹ̀ ò lè di nǹkan mú gírígírí. Ìrìn rẹ̀ falẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan mọ́. Bí mẹ́ta bá pé lára èèyàn, ó ti wọ̀ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nìyí: ìbéèrè tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ń rẹ̀, inú ìwé ìbéèrè tí a fi ń wá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n ti yá a. Ẹ ò wá rí i pé àìsàn méjèèjì mọ ara wọn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀ kì í jẹun. Ẹni tí kò jẹun, iṣan rẹ̀ á joro. Ẹni tí iṣan rẹ̀ joro á máa bẹ̀rù àtijáde. Ẹni tí kò jáde kò rí ẹni bá tàkúrọ̀sọ, ọkàn rẹ̀ á tún rẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ itan, ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò lè ṣe kí n má débẹ̀. Itan ló ń gbé èèyàn dìde lórí àga, nínú ṣáláńgá, lórí ẹní ìrun. Àwọn olùwádìí ti ní kí àwọn àgbà tí ara wọn le dáadáa dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ 10 péré. Kí wọ́n tó dìde, ẹran ẹsẹ̀ wọn ti dín ní bíi kílò kan. Ọjọ́ 10! Màámi tiyín ti ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n láti Ọdún Àjíǹde. Ṣùgbọ́n ó ṣeé dá padà. Ní 1990, wọ́n ní kí àwọn arúgbó bíi mẹ́wàá tí ọjọ́ orí wọn tó 90 máa fi ẹsẹ̀ gbé irin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, agbára itan àwọn tó ṣe é parí ti ju ìlọ́po méjì lọ.

Ẹ wá àga líle, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Kí Màámi ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà, kí wọ́n dìde, kí wọ́n jókòó, lẹ́ẹ̀márùn-ún, láìfọwọ́ ti nǹkan kan. Ẹ dúró tì wọ́n, ẹ máa wo aago. Bó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, itan ti ń lọ nìyẹn. Ìdìde-ìjókòó yìí kan náà la fi ń tọ́jú rẹ̀, díẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó sì ń mú ọkàn fúyẹ́ pẹ̀lú.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà. Gààrí Ìjẹ̀bú àti omi tútù lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ kò lè mọ iṣan, àyàfi kí ẹ̀pà pọ̀ níbẹ̀. Pọ̀nmọ́ kì í ṣe ẹran, ẹ má bá mi jà.

Àwọn ọmọ á ní, "Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu." Mo gbà. Ṣùgbọ́n òkété yẹn, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn dé ìdí ọmú. Ẹ̀yin ò jẹ́ kí Màámi gbálẹ̀, ẹ ò jẹ́ kí wọ́n ro ọbẹ̀, ẹ ò jẹ́ kí wọ́n pọn omi, ẹ wá ń sanwó fún mi kí n wá gbé ẹsẹ̀ wọn sókè sódò.

Ẹni tó ń bí mi nínú jù ni ẹni tó ń lọ dexamethasone mọ́ àgbo, tó ń pè é ní oògùn ìsanra. Ojú Màámi á kún, ẹ ó ya fọ́tò, ẹ ó ní wọ́n ti ń gbádùn. Itan ń joro lọ lábẹ́ ìró, oògùn yẹn ló ń jẹ ẹ́.

Bí àgbà bá sì ń sọ pé ayé ti sú òun, pé kí ilẹ̀ ṣáà gba òun, ẹ má fi "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́" pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ bi í gbangba bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn ò lè gbé èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ gbé oògùn kòkòrò àti oògùn oorun kúrò nítòsí, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ọsibítù ọpọlọ Arò tó wà l'Ábẹ́òkúta láti 1954 kò wà fún àwọn tó ń rìn níhòòhò nìkan.

Ìyá kan wà tí mò ń tọ́jú, ogójì ọdún ni wọ́n fi ta gààrí l'Òkè-Ajé. Nígbà tí wọ́n pé ẹni ọdún 74, àwọn ọmọ pa ìsọ̀ dé, wọ́n gbé Ìyá lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé tuntun, táìsì ilẹ̀ ń dán bíi dígí, ọmọ ọ̀dọ̀ méjì ń dúró tì wọ́n. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ tí wọ́n dé ibẹ̀, ìró tó ń yí Ìyá ká lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀ ti ń yí wọn ká lẹ́ẹ̀mejì. Wòlíì ní orogún wọn ló ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ní kí Ìyá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ààwẹ̀! Fún ẹni tí kì í jẹ ju ṣíbí mẹ́ta lọ! Orogún tí wọ́n pè lájẹ̀ẹ́ yìí, òun nìkan ló ń wá bá wọn tàkúrọ̀sọ nírọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ lé e. Nígbà tí oorun wá dá pátápátá, wọ́n ra oògùn oorun lọ́dọ̀ oníkẹ́mísìtì. Ìyá dìde lóru láti lọ tọ̀, òòyì kọ́ wọn, táìsì yọ̀ wọ́n, eegun ìbàdí kán.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni mo dé ọ̀dọ̀ wọn. Ògiri ni wọ́n kọjú sí. Mo ní kí dókítà tó ń tọ́jú ọkàn wá wò wọ́n. Ó wá, ó fún wọn lóògùn, ó sì kìlọ̀ pé ó máa tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìgbà kan péré ni mo lè gbé wọn dìde lóòjọ́, bí ẹni gbé àpò gààrí. Mo wá sọ fún àkọ́bí pé mi ò ní wá mọ́ bí wọn ò bá lọ bẹ orogún Ìyá.

Obìnrin náà wọlé, ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, kò tíì jókòó tó fi ní, "Ìyáálé, ẹni tó jẹ yín lówó àpò mẹ́fà yẹn ti ra mọ́tò o."

Ìyá yíjú kúrò lára ògiri. "Owó ta ni?"

Wọ́n na ọwọ́ sí irin ìtìlẹ́yìn, wọ́n dìde. Mi ò tíì na ọwọ́ sí wọn. Ìyá ní kí àwọn ọmọ bá àwọn wá ìwé gbèsè jáde.

Orí àtẹ̀gùn la wà báyìí, ìgbésẹ̀ mẹ́rin lójúmọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dé ìsàlẹ̀ kí oṣù tó parí, owó àwọn wà níta.