Absinthe: Ohun Tí Òfin Ń Wọ̀n Nínú Ìgò

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń ta absinthe lónìí, òfin kò bá ọtí náà fúnra rẹ̀ jà mọ́. Èròjà kan tó ń jẹ́ thujone ló ń wọ̀n, ìwọ̀n yìí ló sì ń sọ bóyá ìgò kan lè dé orí àtẹ. Inú ewé kíkorò kan, Artemisia absinthium, ni thujone ti ń wá. Wọ́n máa ń rẹ ewé náà pẹ̀lú anise àti fennel, irúgbìn olóòórùn dídùn méjì, sínú ọtí líle, wọn a gbé e kaná, wọn a sì gba oru rẹ̀ nígbà tó bá di omi. Agbára rẹ̀ sábà máa ń tó ìdá 45 sí 74 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n mu fi ń là á: wọn a gbé hóró ṣúgà lé síbí oníhò, omi tútù a máa kán sórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọtí aláwọ̀ ewé náà a sì di funfun bí omi ògì. Òróró anise tó ti yọ́ sínú ọtí ni omi ń lé jáde bẹ́ẹ̀. Kò sí idán kankan níbẹ̀.

Ìbẹ̀rù tó bí òfin àkọ́kọ́ dàgbà ní ilẹ̀ Faransé lẹ́yìn tí kòkòrò ba ọgbà àjàrà jẹ́, tí wáìnì wọ́n, tí absinthe sì di ọtí tálákà. Dókítà Valentin Magnan fún àwọn ẹranko kan ní ògidì òróró ewé náà, gìrì sì mú wọn. Ó ti ibẹ̀ sọ pé absinthe ní àìsàn tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti ọtí yòókù, bẹ́ẹ̀ ògidì òróró kò ṣeé fi wé ìwọ̀nba tó wà nínú ife kan. Àwọn oníwáìnì, tí wọ́n ti pàdánù oníbàárà, kò ní ìdí láti jiyàn. Ní 1905, ní abúlé Commugny ní Switzerland, Jean Lanfray pa ìyàwó rẹ̀ tó lóyún àti ọmọbìnrin wọn méjì. Wáìnì àti bíráńdì tó mu lọ́jọ́ náà pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ife absinthe méjì tó wà lára wọn ni gbogbo ayé dì mú. Switzerland dìbò ní 1908 láti fòfin de absinthe, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1910. Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 1912, Faransé ní 1915. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fòfin dè é rárá.

Switzerland tú òfin tirẹ̀ ká ní 2005, Faransé sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2011. Nínú Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù, thujone kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 35 lọ nínú kílógíráàmù ọtí tí a fi irú ewé yìí ṣe. Ní Amẹ́ríkà, ó gbọ́dọ̀ dín ní 10 kí ìjọba tó kà á sí ọtí tí kò ní thujone, àwòrán ara ìgò kò sì gbọdọ̀ dábàá pé ọtí náà ń mú ènìyàn rí ìran. Nítorí náà, ìgò tó bófin mu ní Paris lè jẹ́ ẹrù òfin ní New York.

Ní ti ìran rírí náà, thujone tó pọ̀ máa ń dí iṣẹ́ èròjà tó ń mú ọpọlọ rọlẹ̀ lọ́wọ́, ohun tó sì ń fà ni gìrì. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ìgò 13 wò, tí wọ́n ti pọn ṣáájú ìfòfindè, wọ́n bá nǹkan bíi mílígíráàmù 25 nínú lítà kan ní ìpíndọ́gba, ìwọ̀n tí kò jìnnà sí èyí tí òfin Yúróòpù gbà láyè lónìí. Ẹni tó bá ń wá ìran nínú irú ìgò bẹ́ẹ̀, ọtí ni yóò kọ́kọ́ gbé e ṣubú. Ẹni tó sì ti ń mu ọtí líle èyíkéyìí lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́, tó wá dá a dúró lójijì, lè máa gbọ̀n, kí gìrì mú un, kó sì máa rí ohun tí kò sí, ìyẹn àwọn àmì kan náà tí wọ́n kà sí absinthe lọ́rùn láyé ọjọ́un.