Ìwé Ilẹ̀ Ọlọ́dún 99 àti Àgádágodo Tí A Fi Tì Í

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Agodi mú ìwé àṣẹ ilẹ̀ rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mi ní Bódìjà. Wọ́n ti sọ fún un pé láìpẹ́, orí kọ̀ǹpútà ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò máa wà, orí kọ̀ǹpútà náà ni ìjọba yóò sì ti máa buwọ́ lù ú. Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ ọdún 99 sí, ó ní, "Ọmọ mi, ìbuwọ́lùwé orí kọ̀ǹpútà yìí, ṣé yóò ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí ọmọ-ọmọ mi bá fẹ́ lò ó?" Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ ìbéèrè bàbá yìí jinlẹ̀ ju èyí tí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ máa ń bi mí lọ. Òun gan-an ni àwọn tí ń ṣe ìwádìí ìpìlẹ̀, ìyẹn ìwádìí tí a kò tíì mọ ohun tí yóò wúlò fún, fún ìjọba àti fún àwọn ológun ń wá ìdáhùn sí.

Ẹ mú bébà àti pẹ́ńsù, kí ẹ wá nọ́ńbà méjì, yàtọ̀ sí 1, tí ẹ óò sọ di púpọ̀ tí yóò fún yín ní 8,633. Ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ náà gbà yín ní ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó rí i pé 89 lọ́nà 97 ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá fún ní 89 àti 97 pé kí ó sọ wọ́n di púpọ̀ yóò ti parí rẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́ pẹ́ńsù yín. Àlọ rọrùn, àbọ̀ le. Orí èyí ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Rivest, Shamir àti Adleman, gbé àgádágodo tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1977 kà, ìyẹn ọ̀nà ìṣirò tí a fi ń ti ọ̀rọ̀ pa lórí kọ̀ǹpútà: gbogbo ayé lè rí nọ́ńbà ńlá náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ nọ́ńbà méjì tí ó bí i nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́. Irú rẹ̀ ṣì wà lára ohun tí a fi ń buwọ́ lu ìwé lórí kọ̀ǹpútà títí di òní. Nọ́ńbà tí wọ́n sábà máa ń lò fún un báyìí gùn tó ẹyọ òǹkà 617. Nínú àwọn nọ́ńbà tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ìdíje títú irú àgádágodo bẹ́ẹ̀, èyí tí ó gùn jù tí wọ́n tú ní ọdún 2020 kò ju ẹyọ òǹkà 250 lọ.

Àwọn mẹ́ta yìí kọ́ ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ní GCHQ, iléeṣẹ́ amí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, James Ellis ti ro èrò náà ní ọdún 1970, Clifford Cocks sì ti rí ìṣirò tí ó gbé e ró ní ọdún 1973. Wọ́n tì í mọ́ inú àpótí títí di oṣù Kejìlá ọdún 1997. Ellis ti kú ní oṣù Kọkànlá. Mo mọ̀ pé àwọn ológun ní ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi pamọ́, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ló yẹ kí á fi pamọ́. Bí wọ́n ṣe rọ àgádágodo ni kí gbogbo ayé rí, nítorí pé àgádágodo tí ènìyàn márùn-ún péré wò, ènìyàn márùn-ún péré ló lè rí àléébù rẹ̀.

Ní ọdún 1994, onímọ̀ ìṣirò Peter Shor fi ìṣirò hàn pé kọ̀ǹpútà quantum, irú èyí tí ń fi ìwà àwọn ohun kéékèèké bí átọ́ọ̀mù ṣe ìṣirò, bí ó bá tóbi tó, yóò rí irú nọ́ńbà méjì bíi 89 àti 97 náà kíákíá, bí nọ́ńbà ńlá náà tilẹ̀ gùn tó ẹyọ òǹkà 617. Ẹnikẹ́ni kò ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ nígbà náà, títí di ìsinsìnyí a kò sì tíì rí èyí tí ó tóbi tó. Síbẹ̀, NIST, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń fi òdiwọ̀n lélẹ̀, kò dúró dè é. Ní ọdún 2016, wọ́n ké sí gbogbo ayé pé kí wọ́n mú àgádágodo tuntun wá, kí wọ́n sì máa gbìyànjú láti fọ́ ti ara wọn. Mọ́kàndínláàádọ́rin ni wọ́n gbà wọlé fún ìpele àkọ́kọ́.

Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ SIKE. Ó la ọdún márùn-ún já lábẹ́ ojú àwọn tó gbọ́n jù nínú iṣẹ́ yìí, ó sì dé ìpele kẹrin ní oṣù Keje ọdún 2022. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́yìn náà tí àwọn onímọ̀ méjì, Castryck àti Decru, ní Leuven, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, fi kọ̀ǹpútà lásán fọ́ ọ láàárín bíi wákàtí kan. Ohun èlò tí wọ́n fi ṣe é ni ìṣirò kan nípa àwọn ìlà títẹ̀ tí onímọ̀ ìṣirò Ernst Kani ti kọ ní ọdún 1997, iṣẹ́ tí kò bá ọ̀rọ̀ àṣírí tan rárá. Bí ìgbìmọ̀ ìnáwó bá ní kí onímọ̀ ìṣirò bẹ́ẹ̀ kọ èrè tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò mú bá ètò ààbò orílẹ̀-èdè, kí ni yóò rí kọ? Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí ó ti pé ọdún 25 nígbà náà ló yọ àwọn ìjọba nínú àgádágodo tí wọn ì bá fi ti àṣírí wọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, NIST gbé òdiwọ̀n mẹ́ta jáde fún àgádágodo tuntun. Méjì nínú wọn wà fún ìbuwọ́lùwé.

Ìdí tí ìkánjú fi wà ni pé amí lè gba ọ̀rọ̀ títì pamọ́ lónìí, kí ó máa dúró de kọ̀ǹpútà tí yóò ṣí i. Ọ̀rọ̀ nípa ibi tí àwọn sójà yóò gbà kọjá lọ́la kò wúlò mọ́ lọ́túnla. Orúkọ ará abúlé tí ó ń ta àwọn sójà lólobó ńkọ́? Ìyẹn lè pa ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún. Ti ìwé ilẹ̀ tún yàtọ̀ díẹ̀: ẹni tí ó bá fọ́ àgádágodo ìbuwọ́lùwé lè ṣe ayédèrú ìwé tí yóò dà bíi pé ìjọba ti buwọ́ lù ú tipẹ́tipẹ́. Ẹni tí ó bá ti ra ilẹ̀ rí ní Ìbàdàn kò nílò kí n ṣàlàyé ohun tí ìyẹn lè dá sílẹ̀. Amẹ́ríkà ti fi ọdún 2035 ṣe àfojúsùn pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba wọn ti kúrò lórí àgádágodo àtijọ́.

Níbí, a ní òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2024, àwọn ológun wa náà sì ní ẹ̀ka tí ń bójú tó ogun orí kọ̀ǹpútà. Ó dára. Ṣùgbọ́n olè ni òfin ń mú, kì í yẹ àgádágodo wò. Ohun tí mo máa ń rí jù ni ríra ẹ̀rọ. Iléeṣẹ́ kan, tí n kò ní dárúkọ, pè mí pé kí n wá wo ẹ̀rọ ààbò olówó ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ṣì wà lára rẹ̀, páásìwọ́ọ̀dù tí ó bá a wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n sì ń lò. Mo bi wọ́n pé irú àgádágodo wo ló ń ti ìwé wọn, wọ́n fún mi ní orúkọ ẹni tí ó tà á fún wọn.

Ní tèmi, díẹ̀ nínú owó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè bọ́ onímọ̀ ìṣirò mẹ́ta ní yunifásítì fún ọdún mẹ́wàá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń bi wọ́n lóṣooṣù pé kí ni wọ́n ti rọ. Kò pọn dandan kí wọ́n rọ àgádágodo tuntun kankan. Ohun tí ó jẹ́ wá lógún ni pé kí ẹni tiwa wà tí ó lè yẹ èyí tí wọ́n bá tà fún wa wò, tí yóò sì sọ fún ìjọba pé èyí dára, èyí kò dára.

Mo dá bàbá lóhùn pé a lè tún ìbuwọ́lùwé orí kọ̀ǹpútà ṣe: kí àgádágodo àtijọ́ tó gbó, wọn yóò fi tuntun buwọ́ lé e lórí, wọn yóò sì so ọjọ́ tí wọ́n ṣe é mọ́ ọn. Mo ní kí ó tọ́jú bébà rẹ̀ o, kí ó sì bi wọ́n ní ohun méjì ní Agodi: irú àgádágodo wo ni wọn yóò lò, àti iléeṣẹ́ wo ni yóò máa tún un ṣe nígbà tí ó bá gbó. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun ní Yorùbá. Ẹ̀yìn àpòòwé tí ó fi gbé ìwé ilẹ̀ wá ni mo kọ ọ́ sí.