Ta ló ń gbá ilẹ̀ inú igbó?

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo mú ọmọ mẹ́fà lọ sí oko kòkó tí bàbá mi gbìn ní ohun tó lé ní 40 ọdún sẹ́yìn. Ìwé karùn-ún ni gbogbo wọn wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ewé gbígbẹ mù wọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ń ró pàrà-pàrà bí wọ́n ṣe ń rìn, ìbéèrè kò sì tán lẹ́nu wọn. Díẹ̀ nínú rẹ̀ nìyí, pẹ̀lú èsì tí mo fún wọn.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, àràárọ̀ la máa ń gbá abẹ́ igi máńgòrò ilé ìwé wa. Ta ló ń gbá ibí? Bí kò bá sí ẹni tó ń gbá a, kí ló dé tí ewé kò tíì bò wá mọ́lẹ̀?

Kò sẹ́ni tó ń gbá a. Jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́.

Mo ní kí ọmọ tó béèrè lóṣòó, kó máa ṣí ewé náà ní ìpele-ìpele, kó má kánjú. Èyí tó wà lókè pátápátá ṣì pé, ó gbẹ fúrúfúrú. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ tutù, ó ti ń dúdú, ihò sì wà lára rẹ̀ káàkiri. Nígbà tó ṣí ìyẹn, iṣan ewé nìkan ló kù bí àwọ̀n apẹja, àwọn okùn tín-ín-rín tó funfun bí òwú sì so wọ́n mọ́ra. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, a ò mọ èyí tó jẹ́ ewé mọ́ yàtọ̀ sí ilẹ̀. Ó bu díẹ̀, ó gbé e símú, ó pariwo pé, "Òórùn òjò àkọ́rọ̀ ni!" Òótọ́ ló sọ. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń gbé inú ilẹ̀, ló ń ṣe òórùn yẹn.

Ọ̀pọ̀ ẹnu ló ń pín ewé kan ṣoṣo jẹ. Ọ̀kùn á gé e wẹ́wẹ́. Ekòló á gbé e mì pọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀, á sì yà á sílẹ̀ bí ilẹ̀ ọlọ́ràá. (Ẹ má fojú di ekòló o. Charles Darwin, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, kọ odindi ìwé kan lé e lórí ní 1881, nígbà tó ku nǹkan bí oṣù mẹ́fà kó kú.) Okùn funfun yẹn, ara olú gan-an nìyẹn, èyí tí à ń já lọ sè nílé dà bí èso rẹ̀ lásán ni. Àwọn tí ojú kò rí á wá jẹ ìyókù. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni gbòǹgbò kòkó ń fà mu láti fi hu ewé tuntun.

Nínú igbó tiwa, tí ooru àti òjò ti pọ̀, oúnjẹ igi kì í pẹ́ nínú ilẹ̀. Ara igi àti ewé tó ń jẹrà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi tètè ń ṣá bí a bá ṣán igbó tí a sì dáná sun ún. Iṣu á ta dáadáa lọ́dún kìíní àti ìkejì, lẹ́yìn náà ni á bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Àwọn baba wa mọ èyí. Wọ́n á fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí igbó tún lè dí.

Ìbéèrè: Ikán ńkọ́? Ṣebí abanǹkanjẹ́ ni? Ó jẹ ilẹ̀kùn ilé wa.

Igi tó ti kú ni ilẹ̀kùn yín lójú ikán. Kò mọ̀ pé ẹ sanwó fún un.

Inú igbó ni iṣẹ́ rẹ̀ ti hàn. Àwọn ikán tó ń kọ́ òkìtì ọ̀gán ńlá ńlá, àgbẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n á jẹ igi àti ewé gbígbẹ, wọ́n á lọ yàgbẹ́ rẹ̀ jọ sínú yàrá kan nínú òkìtì, olú á sì hù lórí rẹ̀. Ohun tí ikùn ikán kò lè dà, olú yìí á dà á fún wọn, wọ́n á wá padà jẹ ẹ́. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, olú náà á yọrí síta lára òkìtì, àwọn ìyá wa á sì jí lọ já a. Bí èsúnsún bá tún fò jáde lálẹ́ ọjọ́ òjò, ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe ń rí: adìẹ, ọ̀pọ̀lọ́, aláǹgbá, ẹyẹ, títí kan ẹ̀yin tí ẹ ń gbé abọ́ omi sábẹ́ iná, gbogbo yín lẹ yó. Ewé tó já ló di ikán, ikán ló di ẹran lára adìẹ.

Ìbéèrè: Tata pọ̀ lójú ọ̀nà tí a gbà wá. Kí ló dé tó jẹ́ àṣá kan ṣoṣo la rí?

Jẹ́ kí n bi ọ́ ná: ṣé gbogbo ẹ̀bà tí o ti jẹ látìgbà tí wọ́n ti bí ọ ló wà lára rẹ? Rárá. O ti fi ọ̀pọ̀ sáré, o fi mí, o fi ara móoru, o sì yàgbẹ́ òmíràn. Díẹ̀ ló di ẹran ara rẹ.

Bẹ́ẹ̀ ló rí fún gbogbo ẹranko. Ewéko ló ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ se oúnjẹ. Tata jẹ ewéko, aláǹgbá jẹ tata, ejò jẹ aláǹgbá, àṣá gbé ejò. Ká fojú bù ú, nínú agbára 100 tó wà lára ohun tí wọ́n jẹ, nǹkan bí 10 ló ń di ara ẹni tó jẹ ẹ́. Nígbà tó bá fi dé ọ̀dọ̀ àṣá, oúnjẹ ti ṣẹ́ kù táńkán. Pápá tó lè bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún tata kò lè bọ́ ju àṣá bíi mélòó kan lọ.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ ká bá yín gbá oko yìí kó mọ́?

Nítorí òdòdó kòkó. Ẹ wò ó lára igi: ó kéré, kò tó èékánná ìka yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé oyin ló ń bá a gbé àtíkè òdòdó kiri kó lè so. Kì í ṣe oyin. Kòkòrò kan tó ń fò, tí kò ju orí abẹ́rẹ́ onídìí lọ, ló ń ṣe iṣẹ́ náà jù. Inú ewé jíjẹrà tó tutù àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń rà ló ń yé ẹyin sí. Bí ẹ bá gbá ewé yìí dànù, ẹ lé e kúrò nílé nìyẹn, òdòdó á sì máa já lásán láìso. Ohun tí a gbọ́dọ̀ kó kúrò lóko ni kòkó tó dúdú tó rà lórí igi, nítorí àìsàn ni ìyẹn, ó sì ń ràn.

Ìbéèrè: Ewé tí a ń sun nílé ìwé ńkọ́?

Eérú rẹ̀ wúlò díẹ̀, àmọ́ púpọ̀ nínú oúnjẹ ewé ti bá èéfín lọ. Mo ti wo abẹ́ máńgòrò yín; ilẹ̀ ibẹ̀ le bíi sìmẹ́ńtì. Ẹ bẹ olùkọ́ yín kó jẹ́ kí ẹ máa kó ewé náà jọ sígun kan ọgbà, kí ẹ máa wọ́n omi sí i. Ẹ̀fọ́ yín á mọ̀ ọ́n lára.

Ìbéèrè: Ọ̀rá piọ wọ́tà tí mo rí lábẹ́ ewé yìí ńkọ́?

Ó nà án sí mi. A ṣì lè ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, nígbà tí ewé tó bò ó ti di àwọ̀n. Ọ̀kùn kò mọ̀ ọ́n ní oúnjẹ, olú kò mọ̀ ọ́n, ekòló kò mọ̀ ọ́n. Yíya ló ń ya wẹ́wẹ́, kì í di ilẹ̀.

Mo ní kí wọ́n gbẹ́ ihò méjì sí ọgbà ilé ìwé, kí wọ́n ri ewé sí ọ̀kan, kí wọ́n ri ọ̀rá sí ìkejì, kí wọ́n fi igi sàmì síbẹ̀. Ọmọ tó rí ọ̀rá náà ní méjì kò tó, òun fẹ́ ri bébà àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Ihò mẹ́rin ni wọ́n gbẹ́. Ìparí táàmù ni wọ́n á hú u.