Àkàrà Tó Ń Jẹ Epo Rọ̀bì

Pé àwọn bakitéríà kan wà tó ń fi epo rọ̀bì ṣe oúnjẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun mọ́. Alcanivorax borkumensis ń jẹ ẹ́ lójú òkun, oríṣiríṣi Pseudomonas sì ń jẹ ẹ́ nínú ilẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì gbà ni pé ó yẹ kí a há wọn mọ́ inú nǹkan kí a tó rán wọn níṣẹ́ láti palẹ̀ epo tó dà sílẹ̀ mọ́. Wọ́n á ní kí a ṣáà dà wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa jẹ lọ. Bẹ́ẹ̀, èyí tí a dà sílẹ̀ lásán ni omi ń gbé lọ, òun ni àwọn kòkòrò bíńtín mìíràn ń pa jẹ, bí epo bá sì pọ̀ jù, oró inú rẹ̀ lè pa á kó tó jẹ nǹkan kan.

Ọ̀nà ìhámọ́ tó gbajúmọ̀ kò jìnnà sí àkàrà díndín. Alginate, tí wọ́n ń yọ lára koríko òkun, ni wọ́n ń pò mọ́ omi títí yóò fi ki, tí yóò máa fà bí ọbẹ̀ ilá. Wọn a da bakitéríà sí i, wọn a sì máa kán an díẹ̀díẹ̀ sínú omi tí wọ́n ti yọ́ calcium chloride, irú iyọ̀ kan, sí. Bí ẹ̀kán kan bá ti kan omi yìí, ara rẹ̀ á gan lójú ẹsẹ̀, bí ara àkàrà ṣe ń gan nínú epo gbígbóná, àmọ́ kò sí iná níbẹ̀: calcium ló jókòó sáàárín àwọn okùn alginate bí ẹyin nínú kéréètì, tó sì so wọ́n pọ̀. Hóró roboto ló ń dà, kò ju milimítà díẹ̀ lọ, ihò ara rẹ̀ ń gba epo àti afẹ́fẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí bakitéríà ráyè jáde bó ṣe wù ú.

Àkàrà tí a bù tóbi jù, ìta rẹ̀ a jinná, inú rẹ̀ a wà ní tútù. Bákan náà ni hóró yìí: ọ́síjìn kì í wọ inú rẹ̀ jìnnà, nítorí náà àwọn tó wà nítòsí ìta ló ń ṣiṣẹ́, àwọn ti àárín gbùngbùn kàn ń gbélé ni. Àléébù kejì tilẹ̀ fẹ́ jọ ẹ̀fẹ̀. Bakitéríà kò lè lo epo láìsí phosphate, ajílẹ̀ tí kò sí nínú epo fúnra rẹ̀. Phosphate yìí kan náà ló sì ń fa calcium yọ lára hóró, títí ilé yóò fi tú mọ́ onílé lórí. Ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi ń lo ṣùkù àgbàdo tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó, tí bakitéríà yóò fúnra rẹ̀ lẹ̀ mọ́. Ìyẹn kò lẹ́wà tó hóró, ṣùgbọ́n ó bọ́gbọ́n mu jù níbi tí owó kò ti pọ̀.

Síbẹ̀, kò sí èyí tí a lè fọ́n sórí ilẹ̀ kó dé gbogbo ibi tí epo dé. Nínú ìròyìn tí UNEP, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé jáde lórí ilẹ̀ Ogoni ní 2011, ojú ibi 49 ni epo ti wọlẹ̀ tó mítà 5 ó kéré tán, epo tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8 sì léfòó lórí omi abẹ́ ilẹ̀ ní Nisisioken Ogale. Irú omi bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n bu epo orí rẹ̀ kúrò, kí wọ́n fà á sókè, kí wọ́n sì darí rẹ̀ gba inú ọ̀pá gbọọrọ tí hóró kún. Níbẹ̀ ni ìhámọ́ ti ń fi èrè rẹ̀ hàn: omi á máa kọjá lọ, bakitéríà á dúró sínú ọ̀pá, á máa retí omi tó kàn.