Epo tó ń jò lára alùpùpù: ẹ wá orísun rẹ̀ kí ẹ tó tú ohunkóhun

Epo bẹntiróò tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ alùpùpù, ojú rí i, imú sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Èyí tó ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ jù ni èyí tí ojú kò rí: epo tó gba inú kábúrétọ̀ (ẹ̀yà tó ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́) kọjá, tó wọ inú sílíńdà lóru, tó sì yọ́ lọ bá ọ́ìlì nísàlẹ̀. Nítorí náà, bó ti wù kí jíjò náà kéré tó, ọ́ìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó ta kíìkì. Ẹ gbé alùpùpù dúró ṣánṣán, ẹ yọ igi ìwọn ọ́ìlì, ẹ nù ún, ẹ tì í padà sínú ihò rẹ̀ bí ìwé alùpùpù yín ṣe wí. Lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré, a kì í yí igi yìí wọlé nígbà tí a bá ń wọn ọ́ìlì. Ṣe ni a ń gbé e lé ẹnu ihò. Bí ọ́ìlì bá ga kọjá àmì òkè, tí kò sì sẹ́ni tó bu kún un, tó ki pọ́pọ́ tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń ṣàn bí omi báyìí, tó sì ń rùn bí epo, ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì náà rárá. Ọ́ìlì tí epo bá ti là kò lágbára mọ́ láti gba irin lọ́wọ́ irin, béárìn àti ògiri sílíńdà á sì ha láàárín ìgbà díẹ̀.

Bí kíìkì bá le gan-an tí kò lọ sísàlẹ̀, ẹ má fi agbára tì í. Ó lè jẹ́ pé epo ló kún orí písítìn, epo kì í sì í ṣe ohun tó ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá fi tipátipá ta á, tàbí tó tẹ bọ́tìnnì ìtaná, lè tẹ ọ̀pá tó gbé písítìn. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ rọra ta kíìkì kí epo tú jáde látinú ihò náà. Ẹ má dúró níwájú ihò yẹn, ẹ má sì jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì wà nítòsí rẹ̀, torí iná kékeré kan tó.

Oru epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló máa ń rọ̀gún sí, ó sì lè rìn jìnnà títí yóò fi kan iná. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́ yìí, níbi tó jìnnà sí sítóòfù, jẹnẹrétọ̀ àti ẹni tó ń mu sìgá. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì àti sàlẹ́ńsà tutù pátápátá. Ẹ tú wáyà òdì, èyí tó ní àmì ìyọkúrò, kúrò lórí bátìrì. Òun la ń tú ṣáájú, òun náà la sì ń dá padà kẹ́yìn. Ẹ gbé iyanrìn gbígbẹ tàbí ẹ̀rọ apaná oníyẹ̀fun sí tòsí. Omi kò wúlò níbí, torí epo á léfòó sórí rẹ̀, iná á sì bá a tàn káàkiri. Ẹ má fi ẹnu fa epo, ẹ má sì dà á sí gọ́tà.

Kí ẹ tó mú sípánà, ẹ wá ibi tí epo ti ń wá. Epo máa ń ṣàn gba ara irin lọ sísàlẹ̀, nítorí náà ibi tó ti ń kán kì í sábà jẹ́ ibi tó ti ń jò. Ẹ nu gbogbo rẹ̀ gbẹ, láti abẹ́ táǹkì dé abẹ́ kábúrétọ̀. Ẹ ṣí táàpù epo, kí ẹ máa fi bébà funfun tẹ ibi kọ̀ọ̀kan láti òkè wá sísàlẹ̀: ara táàpù, ẹnu rọ́bà epo méjèèjì, ibi tí abọ́ kábúrétọ̀ ti pàdé ara rẹ̀, àti páìpù àkúnwọ́sílẹ̀. Ibi tó ga jù tí bébà ti tutù ni ẹ ń wá. Lẹ́yìn náà ẹ pa táàpù, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10. Bí epo bá ṣì ń jáde nísàlẹ̀ táàpù lẹ́yìn tí ẹ ti pa á, àléébù méjì lẹ ní, torí táàpù tó pé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ̀kán kan kọjá.

Bó bá jẹ́ páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ ló ń kán, inú kábúrétọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jíjò sì ti ń wá. Nínú abọ́ kábúrétọ̀, fúlótì máa ń léfòó lórí epo. Bí epo ṣe ń kún ni fúlótì ń gòkè, á sì máa ti abẹ́rẹ́ kékeré kan sínú ojú ihò tí epo ń gbà wọlé, títí yóò fi dí i pa. Bí abẹ́rẹ́ yìí kò bá dí ihò náà dáadáa, epo kò ní dúró: yóò gba páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ jáde sílẹ̀, tàbí kó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ohun tó sábà ń dí i lọ́wọ́ ni yanrìn ìpáàrà láti inú táǹkì. Ẹ fi ọwọ́ igi súkúrúdíráifà gbá ẹ̀gbẹ́ abọ́ náà jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí jíjò bá dúró, ìdọ̀tí ló há síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó ti tán. Ìdọ̀tí tó wọlé lónìí á tún wọlé lọ́la.

Ẹ pa táàpù, kí ẹ tú súkúrù ìdáepo tó wà nísàlẹ̀ abọ́, kí epo inú rẹ̀ dà sínú ìgò tó mọ́ gaara. Ẹ gbé ìgò náà sójú ìmọ́lẹ̀. Omi á dúró nísàlẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké, ìpáàrà á rọ̀ sílẹ̀ bí iyanrìn pupa. Bí ẹ bá rí ọ̀kankan nínú wọn, fífọ kábúrétọ̀ nìkan kò ní tọ́jọ́. Ẹ ní láti dá epo inú táǹkì nù, kí ẹ tú táàpù, kí ẹ fọ àwọ̀n tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì fi fílítà kékeré sáàárín rọ́bà epo.

Súkúrù tó mú abọ́ kábúrétọ̀ rọ̀, ojú rẹ̀ sì máa ń jẹ kíá. Ẹ lo súkúrúdíráifà tó kún ojú rẹ̀ rẹ́gí, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi kí ẹ tó yí i. Lẹ́yìn tí abọ́ bá ti kúrò, ẹ rọra ti pínnì tó mú fúlótì jáde láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ má fi òòlù gbá a, torí ẹsẹ̀ méjì tó gbé pínnì yìí lè kán, bí wọ́n bá sì ti kán, kábúrétọ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ fi èékánná wo orí abẹ́rẹ́ náà. Bí ẹ bá rí òrùka tó ti wọ̀ ọ́ lára, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Fífọ̀ kò lè tún un ṣe. Ẹ tẹ pínnì kékeré tó wà ní ìdí abẹ́rẹ́: ó gbọ́dọ̀ ta padà. Ẹ fi òwú rírọ̀ nu ojú ihò tí abẹ́rẹ́ ń jókòó sí. Lórí kábúrétọ̀ tí ojú ihò náà bá ṣeé tú, ẹ pààrọ̀ òun àti abẹ́rẹ́ pọ̀, torí abẹ́rẹ́ tuntun lórí ojú ihò tó ti jẹ á tún jò.

Ẹ mi fúlótì sétí. Bí ẹ bá gbọ́ epo nínú rẹ̀, ó ti lù, kò sì ní gòkè mọ́ bó ṣe yẹ. Ẹ wo páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ tó dúró gangan láàárín abọ́ pẹ̀lú. Ó lè sán wẹ́wẹ́, tí epo á sì máa jò bí abẹ́rẹ́ tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Ẹ bu epo sínú abọ́ tí ẹ ti tú sílẹ̀, kí ẹ gbé e sórí bébà gbígbẹ. Bí bébà bá tutù, abọ́ ló jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pààrọ̀ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìyẹ páìpù yìí wò, ó sì dùn mí nítorí owó tí wọ́n ń ná dànù.

Kí ẹ tó dì í padà, ẹ dojú kábúrétọ̀ délẹ̀ kí ìwúwo fúlótì dí abẹ́rẹ́, kí ẹ wá fi síríńjì tó ní rọ́bà lẹ́nu fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹnu ibi tí epo ń gbà wọlé. Afẹ́fẹ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá. Bí ẹ bá gbé fúlótì sókè, ó gbọ́dọ̀ kọjá fàlàlà. Gíga fúlótì yàtọ̀ láti alùpùpù kan sí èkejì. Inú ìwé rẹ̀ ni iye mìlímítà wà. Ahọ́n irin kékeré tó ń kan abẹ́rẹ́ ni a ń tẹ̀ láti tún un ṣe, díẹ̀díẹ̀, torí mìlímítà 1 péré ti ń yí ìṣe ẹ́ńjìnnì padà. Bí ahọ́n fúlótì yín bá jẹ́ ike, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Gáskẹ́ẹ̀tì abọ́, rọ́bà tó ń dí ẹnu rẹ̀, máa ń wú bó bá ti gbó, kì í sì í jókòó sínú ipa rẹ̀ mọ́. Tuntun ni kí ẹ fi sí i. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù sílíkónì dípò rẹ̀. Epo máa ń rọ̀ ọ́, ègé rẹ̀ á já wọnú jẹ́ẹ̀tì (ihò tóóró tí epo ń gbà nínú kábúrétọ̀), àléébù kan á sì di méjì.

Ọ̀rọ̀ rọ́bà epo kò gùn. Bó bá ti le, tó sán ní ẹnu, tàbí tó ń yọ̀ lórí páìpù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí wọ́n ṣe fún epo, kì í ṣe rọ́bà omi. Ẹ fi kílíìpù dè é lẹ́nu méjèèjì, kó má ṣẹ́, kó má sì fara kan sàlẹ́ńsà. Táàpù tó ń jò níbi tó ti wọ táǹkì nílò òrùka rọ́bà tuntun. Bí táǹkì fúnra rẹ̀ bá lù, ẹ má fi iná wẹ́dà jó o nílé. Táǹkì tó dà bí òfìfo ṣì kún fún oru epo, ó sì lè bú gbàù lójú ẹni tó ń jó o.

Alùpùpù tí kò ní kábúrétọ̀, tí kọ̀ǹpútà ń fọ́n epo sí, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Pọ́ọ̀ǹpù inú táǹkì ń ti epo pẹ̀lú agbára tó tó nǹkan bíi 3 bar, rọ́bà kábúrétọ̀ kò sì lè gbà á. Ẹ yọ wáyà pọ́ọ̀ǹpù, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kí ẹ tó tú wáyà bátìrì tàbí rọ́bà kankan. Rọ́bà àti kílíìpù tí wọ́n ṣe fún irú agbára yẹn nìkan ni kí ẹ lò.

Nígbà tí jíjò bá ti dúró, ẹ da ọ́ìlì tí epo ti wọ̀ nù, kí ẹ fi tuntun sí i. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì 100 sí 125 cc ń gba nǹkan bíi lítà 1, ṣùgbọ́n àmì tó wà lára igi ìwọn ni kí ẹ tẹ̀lé. Ẹ ṣí táàpù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìtan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tún fi bébà tẹ gbogbo rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ tún wo gíga ọ́ìlì.

Bí ẹ́ńjìnnì kò bá wá ṣe dáadáa lẹ́yìn èyí, púlọ́ọ̀gì á sọ púpọ̀ fún yín. Bí imú rẹ̀ bá pọ́n ráúráú díẹ̀ bí amọ̀, ó dára. Èédú dúdú gbígbẹ fi hàn pé epo pọ̀ jù tàbí pé fílítà afẹ́fẹ́ ti dí. Ọ́ìlì tútù lára rẹ̀, pẹ̀lú èéfín aláwọ̀ búlúù, jẹ́ ti ríǹgì tó yí písítìn ká tàbí rọ́bà fáàfù (ilẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ àti èéfín ń gbà). Funfun tó gbẹ hán-ún túmọ̀ sí pé epo kéré, tàbí afẹ́fẹ́ ń gba ibi tí kò yẹ wọlé. Àyè tó wà láàárín imú púlọ́ọ̀gì sábà máa ń jẹ́ 0.6 sí 0.8 mm. Ẹ fi ọwọ́ yí i wọlé títí yóò fi jókòó, kí ẹ fi sípánà fi ìdajì yíyí kún un bó bá jẹ́ tuntun, tàbí ìdá kan nínú mẹ́jọ bí a bá ti lò ó rí.

Ẹ́ńjìnnì tó ń kú bí ẹ bá ti ju ọwọ́ tọ́rótù sílẹ̀, tó jẹ́ pé ṣóòkì, tó ń dín afẹ́fẹ́ kù, nìkan ló ń gbé e ró, jẹ́ẹ̀tì kékeré rẹ̀ ló dí. Ihò jẹ́ẹ̀tì yìí kò tó ìdajì mìlímítà. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ tàbí wáyà gún un, torí ihò tó bá gbòòrò kò ṣeé dá padà. Ẹ rẹ ẹ́ sínú oògùn ìfọ kábúrétọ̀, kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ gbà á kọjá, kí ẹ gbé e sójú ọ̀run: ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ róbótó. Èyí tó ń kú lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, tó tún ń dá padà bí ẹ bá sinmi, ẹ ṣí ìdérí táǹkì. Bó bá mí hùn-ùn, tí ẹ́ńjìnnì sì tún jí, ihò atẹ́gùn inú ìdérí ló dí.

Bó ṣe pé ó ń pariwo sókè fúnra rẹ̀, tí kò tètè rọlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ju tọ́rótù sílẹ̀, rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì lè ti sán. Àwọn kan máa ń fọ́n epo sí i láti mọ̀. Iná ni wọ́n ń wá. Omi ni kí ẹ fọ́n sí ẹ̀gbẹ́ rọ́bà náà. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, ibẹ̀ ló ti ń fa afẹ́fẹ́.

Bí iná púlọ́ọ̀gì àti epo bá pé, tí kò sì tún fẹ́ tàn, pàápàá nígbà tó bá gbóná, ẹ wo àyè tápẹ́ẹ̀tì, àyè tóóró láàárín fáàfù àti apá tó ń tì í, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré, ó wà láàárín 0.05 sí 0.10 mm. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ fi àtàǹpàkò dí ihò rẹ̀, kí ẹlòmíì ta kíìkì. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ti ìka yín kúrò. Bí kò bá lágbára, ẹ bu ọ́ìlì bíi ṣíbí kékeré kan sínú sílíńdà, kí ẹ tún un ṣe. Bó bá lágbára sí i, ríǹgì ló ti jẹ. Bí kò bá sì yí padà, fáàfù ló ń jò, iṣẹ́ yẹn sì nílò ẹni tó ní irinṣẹ́ láti tú orí ẹ́ńjìnnì àti láti lọ fáàfù.