Porsche 944 tó ń kọsẹ̀ lójijì: ibo la ti ń wá àrùn tó ń lọ tó ń bọ̀?

Mo ní Porsche 944 ọdún 1986. Ó máa ń kọsẹ̀ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n tí mo bá gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, kò ní ṣe nǹkan kan. Àbí ojú mi ni?

Kì í ṣe ojú yín. Ẹni tó bá ti wa 944 pẹ́ á mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ọkọ̀ ń lọ geerege, lójijì ló dà bíi pé ẹnì kan fà á nírù, kí ẹ sì tó wí pé kí ló dé, ó ti tún mú eré. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó délé, kó má sì ṣe é mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

944 jáde ní 1982, wọ́n sì ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀ ní 1991. Nítorí náà, èyí tó kéré lọ́jọ́ orí jù nínú wọn ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Brain box Bosch Motronic, tí àwọn ará Porsche ń pè ní DME, ló ń pàṣẹ fún epo àti fún iná pílọ́ọ̀gì pa pọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí iná tó ń bọ́ àpótí yìí bá já fìrí, epo dúró, iná pílọ́ọ̀gì dúró, ọkọ̀ á sì fà sẹ́yìn. Bí iná náà bá padà wá lẹ́sẹ̀ kan náà, kò ní sí àpá kankan tí mẹkáníìkì máa bá nílẹ̀.

Ṣé a ò kàn lè fi scanner wò ó?

Rárá. Ihò OBD2 tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, ìyẹn ibi tí wọ́n ń ki scanner bọ̀, di dandan ní Amẹ́ríkà fún ọkọ̀ ọdún 1996, 944 sì ti kúrò lójà nígbà yẹn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ rewáyà tọ́wọ́ wọn ti mọ́ scanner fi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ nǹkan kiri: pílọ́ọ̀gì lónìí, kọ́ìlì lọ́la, póńpù epo lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí èyí pẹ́ nílẹ̀ ni pé àrùn náà ti fẹ́ sinmi tẹ́lẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ kọ́ìlì, ọkọ̀ dá ara fún ọjọ́ mẹ́wàá, oníkálukú ní kọ́ìlì ló ń ṣe é. Lọ́jọ́ kọkànlá, ó tún dé.

Ẹ má ra nǹkan kan títí ẹ ó fi ká a mọ́ ibi tó ti ń ṣe é.

Báwo la ṣe ń ká a mọ́?

Ẹ fi fóònù yín gba ohùn ara yín sílẹ̀ nígbàkigbà tó bá ti ṣe é, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí ibi páàkì sí. Ṣé ẹ́ńjìnnì ti gbóná? Ṣé òjò ń rọ̀? Ṣé ẹ ń tẹ̀ ẹ́ lọ ni, àbí eré ojú kan lẹ ń sá? Ṣé gọ́tà tàbí kọ́nà lẹ ń gbà? Epo mélòó ló kù nínú táǹkì? Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kí ẹ ju ojú sí abẹ́rẹ́ RPM, èyí tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí hàn, lásìkò tó ń kọsẹ̀ gan-an.

Kí ni abẹ́rẹ́ RPM lè sọ fún wa?

Ó lè dá iṣẹ́ náà sí méjì fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ọkọ̀ bá wà nínú gíà, tí ẹ ò tẹ kílọ́ọ̀ṣì, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì, bí kò tilẹ̀ sí epo tàbí iná. Abẹ́rẹ́ yẹn yẹ kó dúró sí ibi tí eré ọkọ̀ gbé e sí. Tó bá já lulẹ̀ sí òdo nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń yí, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló dúró, iná tí abẹ́rẹ́ náà ń kà ló dúró. Ẹ dojú kọ rílè DME (swíìṣì kékeré tó ń gbé iná fún brain box àti póńpù epo), àwọn sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, swíìṣì kọ́kọ́rọ́ àti ibi tí wáyà ti fọwọ́ kan ara ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n tí abẹ́rẹ́ náà bá dúró digbí, tí ọkọ̀ sì ń fà sẹ́yìn, iná wà níbẹ̀, epo tàbí afẹ́fẹ́ ni kí ẹ wò. Ohun kan péré ló lè da èyí rú: rílè DME lè já lápá ti póńpù epo nìkan, abẹ́rẹ́ ò sì ní mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń yẹ rílè wò ṣáájú, ohunkóhun tí abẹ́rẹ́ ì báà sọ.

Kí ló wà nínú rílè yìí tí gbogbo èèyàn fi ń dárúkọ rẹ̀?

Rílè méjì ló wà nínú ilé pílásítíìkì kan. Ọ̀kan ń gbé iná fún brain box, èkejì fún póńpù epo. Irú rẹ̀ náà ló wà nínú Porsche 911 Carrera 3.2 ti 1984 sí 1989, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n sì ń rò mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àpótí fíúsì, ẹ rọra fi ẹnu sikurúdíráfà tín-ín-rín ṣí ìdérí rẹ̀. Ẹ yí pátákó inú rẹ̀ padà kí ẹ rí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀, ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo ìdí àwọn ẹsẹ̀ tó nípọn. Ó yẹ kí lẹ́ẹ̀dì ibẹ̀, èyí tí wọ́n yọ́ láti fi jó ẹsẹ̀ náà mọ́ pátákó, máa dán, kó sì lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ náà yíká. Tí ẹ bá rí ìlà dúdú tín-ín-rín tó ṣe róbótó yí ẹsẹ̀ kan po, lẹ́ẹ̀dì ti là nìyẹn. Nígbà tí rílè bá gbóná, ojú ibi tó là á ṣí, iná á já. Tó bá tutù, ojú náà á tún pàdé. Ẹ ti rí ìdí tí ọkọ̀ fi máa ń kú lójú ọ̀nà, tí á sì ṣáná wọ́ọ́rọ́wọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti sinmi díẹ̀.

Ẹni tó bá mọ lẹ́ẹ̀dì jó lè tún un jó. Ní tèmi, ẹ ra tuntun, kí ẹ tún ògbólógbòó yẹn jó, kí ẹ jù ú sí pigeonhole. Kò wọ́n. Àwọn kan máa ń fi wáyà so ihò 30 mọ́ 87 àti 87b níbi tí rílè ń jókòó, kí wọ́n lè délé. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ póńpù epo ò ní dáwọ́ dúró bí ẹ tilẹ̀ pa kọ́kọ́rọ́, àti bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ forí gbá nǹkan. Mi ò ní ṣe é.

Tí rílè bá dára ńkọ́?

Ẹ lọ sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tó ti pàdé ilé kílọ́ọ̀ṣì. Sẹ́ńsọ̀ méjì wà níbẹ̀ lórí ìjókòó kan: ọ̀kan ń ka eyín flywheel (àgbá irin tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì), èkejì ń sọ ibi tí písítìn wà. Àlàfo tó wà láàárín wọn àti flywheel jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 0.8 péré, ìdọ̀tí díẹ̀ tàbí ìjókòó tó yẹ̀ ti tó láti da nǹkan rú. Òmíràn sì tún ni wáyà wọn: ooru ẹ́ńjìnnì ti sun wọ́n gbẹ, tí ẹ bá tẹ̀ wọ́n, awọ wọn á fọ́ sí yín lọ́wọ́. Ẹ fi mítà wọn sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kó wà láàárín óòmù 600 sí 1600, kí ẹ sì máa mi wáyà bí ẹ ti ń wò ó. Tí nọ́ńbà bá ń fò, ẹ ti mú un. Ẹnu méjèèjì jọra, nítorí náà ẹ fi àmì sí wọn kí ẹ tó yọ wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò ṣáná mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, ẹnu wáyà ni wọ́n gbé síra wọn.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ tú àwọn wáyà earth tí wọ́n dè mọ́ ilé kílọ́ọ̀ṣì, ẹ ha wọ́n kí wọ́n dán, ẹ dè wọ́n padà.

Abẹ́rẹ́ ò já, ṣùgbọ́n orí eré kan náà ló máa ń kọsẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ni. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń ti ṣí, apá irin kan sì ń tẹ̀ lé ilẹ̀kùn náà, ó ń fẹnu gbá ojú pátákó dúdú kan. Ibi tó ti ń dúró nígbà tí ẹ bá ń sá eré ojú kan ló máa ń jẹ jù, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ó ti ṣe kòtò. Ẹ fi mítà alábẹ́rẹ́ wò ó, èyí tó ń kọ nọ́ńbà kì í yára tó. Ẹ máa fi ìka ti ilẹ̀kùn náà díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kí abẹ́rẹ́ mítà gòkè láìfò. Ibi tó bá ti gbọ̀n, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń kọsẹ̀.

Ẹ tún yẹ rọ́bà tó gbé afẹ́fẹ́ láti ibẹ̀ dé throttle (ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) wò. Ó lè là níkùn, níbi tójú ò tó. Tí ẹ́ńjìnnì bá dúró jẹ́ẹ́, ojú ibi tó là á pa dé. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnnì á fì lórí ìjókòó rẹ̀, rọ́bà á ya ẹnu, afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n á sì wọlé.

Ní òwúrọ̀ tó tutù tàbí tí òjò rọ̀ nìkan ni tèmi máa ń ṣe é.

Tó bá jẹ́ òjò, ìdérí distributor, tó ń pín iná fún àwọn pílọ́ọ̀gì, àti wáyà pílọ́ọ̀gì ni. Nínú òkùnkùn, ẹ fọ́n omi díẹ̀ sí wọn bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má sì fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ ó rí iná aláwọ̀ búlúù níbi tó ti ń jó jáde. Tó bá jẹ́ òtútù, ẹ wọn sẹ́ńsọ̀ ooru omi: bíi óòmù 2500 ní ìwọ̀n Celsius 20, bíi 300 ní ìwọ̀n Celsius 80.

Ó máa ń ṣe é tí mo bá ti rìn jìnnà, pàápàá lórí òkè.

Epo nìyẹn. Ìdọ̀tí táǹkì ti dí ajọ̀ tó wà níwájú póńpù, tí ẹ bá sì dúró, ìdọ̀tí náà á bọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ á dára. Ẹ so gééjì mọ́ páìpù epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn nọ́sùlù, kí ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú níta, ẹ má mú epo wọ inú ọkọ̀ láé. Tí gééjì bá ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń fà sẹ́yìn, ó ti tán. Ẹ wo rọ́bà epo náà dáadáa. Láti oṣù kẹsàn-án 2021 ni E10, epo tí wọ́n po ethanol tó tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún mọ́, ti di epo gbogboogbò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ethanol inú rẹ̀ kì í sì í bá rọ́bà àtijọ́ rẹ́.

Ṣé mo ṣì lè máa wà á báyìí?

Láàárín ìlú, bóyá. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, rárá, àgàgà tí abẹ́rẹ́ bá ń já sí òdo. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú pátápátá, ọwọ́ ọkọ̀ á le, bíréèkì ò sì ní ju ìtẹ̀ kan tàbí méjì lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le bí igi. Tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ di ẹsẹ̀ mú síbẹ̀, ẹ má fi bíréèkì ṣeré, ẹ darí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.