Ọdún Tó Kù Nínú Ìwé

Bí oṣù keje bá ti wọlé, tí iṣu tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọjà, tí òjò sì ń lé àwọn ọlọ́kadà wọ abẹ́ òrùlé olórùlé, àwọn ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Adó-Èkìtì á dákẹ́ rọ́rọ́. Sáà kan ti parí, òmíràn kò tíì bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ àríyànjiyàn kì í sinmi ní tirẹ̀. Á kó lọ sí ìdí àtẹ ìwé ìròyìn nítòsí Fájuyì, á kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń gẹrun. Ta ni wọ́n tà? Èló ni wọ́n tà á? Kí ló dé tí lágbájá tó ti lé ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kò lọ fẹ̀yìn tì, kó fàyè sílẹ̀ fáwọn ọmọdé?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń da gbogbo ìyókù rú, òun náà ni "wọ́n rà á." Kò sẹ́ni tó ń ra agbábọ́ọ̀lù. Ohun tí ẹgbẹ́ kan ń sanwó lé lórí ni àkókò tó kù nínú ìwé àdéhùn tí agbábọ́ọ̀lù náà ti bá ẹgbẹ́ mìíràn tọwọ́ bọ̀. Bí ọdún bá kù nílẹ̀, owó á gun òkè. Bó bá ku oṣù mélòó kan, owó á wálẹ̀. Bí ọjọ́ bá ti pé, ẹgbẹ́ tó ń fi sílẹ̀ kò ní gba kọ́bọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ kárà-kátà ti wá nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì ti wá. Ta ló kọ́kọ́ pe ta lórí fóònù, ta ló yẹ ẹsẹ̀ àti orúnkún agbábọ́ọ̀lù wò, ta ló ya fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀wù tuntun, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹni tó bá mọ oko kòkó lágbègbè Ẹmùré á tètè rí i. Bàbá kan ní oko, owó ilé-ìwé ọmọ ká a mọ́, ó gbé oko náà fún ẹnì kan pé kó máa ká a fún ọdún márùn-ún, ẹni yẹn sì ka mílíọ̀nù márùn-ún náírà sílẹ̀. Ẹni tó gba oko kò ra ilẹ̀, kò ra igi. Ìkórè ọdún márùn-ún ló rà. Bí ọdún méjì bá kọjá tí ẹlòmíràn fẹ́ gba oko náà lọ́wọ́ rẹ̀, ọdún mẹ́ta tó kù ni wọ́n máa jọ ná. Bí igi bá so wọ̀ǹtìwọnti, tí owó kòkó sì tún fò sókè bíi ti ọdún 2024 tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, ọdún mẹ́ta yẹn lè pa mílíọ̀nù mẹ́wàá. Bí èso bá ń dúdú lórí igi kó tó pọ́n, tí òjò kò sì dáwọ́ dúró, ó lè má pa mílíọ̀nù kan. Nígbà tí ọdún karùn-ún bá pé, oko á padà sọ́wọ́ bàbá, ẹni tó ń ká a á sì gbé àdá rẹ̀, á máa lọ.

Nínú bọ́ọ̀lù, igi àti onígi jẹ́ ẹnì kan náà. Agbábọ́ọ̀lù ló ni ara rẹ̀, ó sì lẹ́nu. Bí ẹgbẹ́ méjì bá ti fẹnu kò lórí owó, tó bá ní òun kò lọ, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Kì í ṣe pé ó ti ń rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Ní 1990, ìwé àdéhùn Jean-Marc Bosman pẹ̀lú ẹgbẹ́ RFC Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù parí, ó sì fẹ́ lọ sí Dunkerque ní ilẹ̀ Faransé. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àfi kí wọ́n sanwó kó tó kúrò. Ọdún ti pé, ẹni tó gba oko kò sì jẹ́ kí onígi wọlé. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, ó sì di ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 1995 kí ilé ẹjọ́ àgbà ilẹ̀ Yúróòpù tó dá a láre. Nígbà yẹn, ìgbà tó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ. Gbogbo agbábọ́ọ̀lù tó ń lọ lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí, orí ìyà ọkùnrin yẹn ni wọ́n ń gbà kọjá, ó sì yẹ kí wọ́n máa dárúkọ rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ.

Lẹ́yìn náà ni ó wá di pé tó bá ku oṣù mẹ́fà kí ìwé parí, agbábọ́ọ̀lù lè bá ẹgbẹ́ mìíràn ṣàdéhùn sílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú. Mílíọ̀nù 180 yúrò ni ẹgbẹ́ Paris Saint-Germain (PSG) san fún ẹgbẹ́ Monaco lórí Kylian Mbappé. Ní 2024, ìwé rẹ̀ parí, ó gba Real Madrid lọ, PSG kò sì rí owó kankan gbà lọ́wọ́ Madrid. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó yẹ kí ìwé Trent Alexander-Arnold pẹ̀lú Liverpool parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà. Madrid fẹ́ kó dé ṣáájú ọjọ́ yẹn kó lè bá wọn gbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ àgbáyé. Ìròyìn ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 yúrò ni Liverpool gbà. Oṣù kan péré ni wọ́n tà.

Ibi tí àríyànjiyàn ti máa ń le jù ni èrè àti àdánù. Bó ṣe sábà máa ń lọ nídìí àtẹ ìwé ìròyìn rèé. Ọmọkùnrin kan tí àṣíborí ọ̀kadà wà lábíyá rẹ̀ á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò rí i pé wọ́n ti jẹ gbèsè? Wọ́n rà á ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, wọ́n wá tà á ní àádọ́ta!" Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì á fa bírò yọ lápò, á yí ìwé ìròyìn padà síbi tí àyè funfun wà. "Àbúrò, ọdún mélòó ló tọwọ́ bọ̀?" "Márùn-ún, sà." "Ọdún mélòó ló ti lò?" "Mẹ́ta." Á wá kọ ọ́ sílẹ̀: 100 pín sí ọ̀nà 5, ó jẹ́ 20. Ọdún mẹ́ta, 60 ti lọ. Ó ku 40. Wọ́n tà á ní 50. "Mílíọ̀nù mẹ́wàá ni wọ́n jèrè." Ọmọkùnrin náà á wo ìwé yẹn títí, á sì ní kí wọ́n tún un kà.

Tíṣà yẹn kò purọ́. Bí àwọn oníṣirò owó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Wọn kì í kọ 100 mílíọ̀nù sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìnáwó ọdún kan, nítorí wọn kò jẹ ẹ́ tán lọ́dún kan. Wọ́n á pín in sórí iye ọdún tó wà nínú ìwé àdéhùn, á sì máa dín kù lọ́dọọdún. Ohun tó bá kù lọ́jọ́ tí wọ́n jẹ́ kó lọ ni wọ́n ń fi wé iye tí wọ́n gbà. Bí owó gidi ṣe ń jáde lápò tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbà tí Galatasaray gba Victor Osimhen lọ́wọ́ Napoli ní 2025 ní mílíọ̀nù 75 yúrò, wọ́n kéde pé àwọn á san mílíọ̀nù 40 lójú ẹsẹ̀, ìyókù á sì máa wá díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, owó tó wà nínú àkọlé ìròyìn, owó tó jáde ní báńkì àti owó tó wà nínú ìwé ìṣirò lè má bára wọn dọ́gba rárá nínú ọdún kan náà.

Bó bá wá jẹ́ iye ọdún ni wọ́n fi ń pín owó, ẹni tó bá gbọ́n á fi kún ọdún. Chelsea ṣe é. Ní oṣù Kìíní 2023, wọ́n fún Mykhailo Mudryk àti Enzo Fernández ní ìwé ọdún mẹ́jọ àbọ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 106.8 pọ́n-ùn ni ti Fernández. Pín in sí ọdún márùn-ún, ó ju mílíọ̀nù 21 lọ lọ́dún. Pín in sí mẹ́jọ àbọ̀, ó di mílíọ̀nù 12 àbọ̀. Owó kan náà ni o. UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù, rí i, wọ́n sì pàṣẹ lọ́dún yẹn pé bó ti wù kí ìwé gùn tó, kò gbọdọ̀ kọjá ọdún márùn-ún tí wọ́n á fi pín owó náà. Premier League, líìgì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ lé wọn ní oṣù Kejìlá.

Kò sóhun tó burú nínú pínpín owó sórí ọdún. Ìṣirò tó bójú mu ni. Ohun tó dunni nínú ètò yìí ni ohun tó ń ṣe fún àwọn ọmọ tí ẹgbẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ dàgbà. Ọmọ tó ti wà lọ́dọ̀ yín láti kékeré, ẹ kò san owó fún ẹgbẹ́ kankan lórí rẹ̀. Òdo ni iye rẹ̀ nínú ìwé ìṣirò. Bẹ́ ẹ bá tà á ní 50 mílíọ̀nù, èrè ni gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Mason Mount ti wà ní Chelsea láti ọmọ ọdún mẹ́fà. Ní 2023, ọdún kan péré ló kù nínú ìwé rẹ̀, Manchester United sì san mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn. Àwọn tó fẹ́ràn Chelsea bínú gidigidi, àmọ́ bí wọ́n bá dúró di ọdún kejì, òfo ni. Lábẹ́ òfin Premier League ìgbà náà, àdánù ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù 105 pọ́n-ùn lọ láàárín ọdún mẹ́ta. Everton rú u, wọ́n yọ póìǹtì mẹ́wàá lọ́wọ́ wọn ní 2023 kí wọ́n tó dín in kù sí mẹ́fà. Nottingham Forest pàdánù mẹ́rin ní 2024. Pẹ̀lú irú pàṣán bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, ọmọ ilé ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé lọ sọ́jà, ẹni tí wọ́n rà lọ́wọ́n á dúró. Òfin tó bá ń ti bàbá láti ta ọmọ ara rẹ̀ kó tó ta àlejò, ó yẹ kí wọ́n tún un wò.

Apá kan nínú ètò náà wà tó dára, tó sì kan Èkìtì tààrà. Àgbẹ̀ tó dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ máa ń san ìṣákọ́lẹ̀. FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, náà ní irú rẹ̀. Nígbà tí agbábọ́ọ̀lù bá kúrò ní orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn kí ìwé rẹ̀ tó parí, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó kọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 títí dé 23. Ọdún kọ̀ọ̀kan láti 12 sí 15 gba ìdá 0.25, láti 16 sókè gba 0.5. Ẹgbẹ́ kékeré kan ní Ìkẹ́rẹ́ tó kọ́ ọmọ kan fún ọdún kan péré nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 14, bí wọ́n bá wá san 100 mílíọ̀nù yúrò lórí rẹ̀, 250,000 yúrò ni tiwọn. Láti 2022 ni FIFA ti dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Paris tó ń bá wọn pín in. Àmọ́ ẹgbẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀, tí kò sì kọ orúkọ ọmọ náà sínú ìwé, kò ní ohun tó máa fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Pápá tí wọ́n ń lò lè wà níbẹ̀, kóòṣì tó ń fi fèrè jí wọn láàárọ̀ lè ṣì wà láyé, owó á gba ẹ̀yìn wọn kọjá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì. Àwọn èèyàn máa ń pariwo pé kí àgbà agbábọ́ọ̀lù lọ sílé, pé ó ń jẹ owó ẹgbẹ́ lásán. Owó ọ̀hún wà nínú ìwé. Ẹgbẹ́ ló fọwọ́ sí i, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè fipá mú un fẹ̀yìn tì nítorí pé ó ti darúgbó tàbí pé orúnkún ń dà á láàmú. Bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ̀yìn tì nígbà tí ọdún ṣì kù, owó oṣù tó kù ló ń jù sílẹ̀ yẹn. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé jíjókòó jọ sọ̀rọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi yanjú rẹ̀. Eden Hazard tọwọ́ bọ ìwé ọdún márùn-ún ní Real Madrid ní 2019, ìròyìn sì sọ pé owó tí wọ́n san fún Chelsea lé ní 100 mílíọ̀nù yúrò. Ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù tó bó ṣe yẹ. Ní 2023, nígbà tó ku ọdún kan, òun àti ẹgbẹ́ jọ fa ìwé náà ya ní ìrọ̀rùn, ó sì kéde ìfẹ̀yìntì ní oṣù Kẹwàá. Ọmọ ọdún 32 ni. Irú ìwé bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá fà á ya, ohun tó bá kù nínú owó tí wọ́n ti ń pín, ẹ̀ẹ̀kan náà ni yóò bọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdánù, bí ìgbà tí ẹ̀ka kòkó bá ya pẹ̀lú èso lórí.

Ìfẹ̀yìntì fúnra rẹ̀ kò ní ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí tó dà bíi ti ìjọba. Ẹnu ni wọ́n fi ń kéde rẹ̀, ẹnu náà ni wọ́n lè fi kó o padà. Wojciech Szczęsny fà ìwé rẹ̀ ya pẹ̀lú Juventus láàárín oṣù Kẹjọ 2024, ó kéde ìfẹ̀yìntì lópin oṣù náà. Gólìkípà Barcelona fara pa ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ránṣẹ́ sí i, ó sì tọwọ́ bọ ìwé ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá, nígbà tí àsìkò kárà-kátà ti parí. Àwọn kan ní wọ́n ṣe ojúsàájú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọjà ń tì, Szczęsny kò ní ẹgbẹ́, òfin sì gba ẹni tí ìwé rẹ̀ ti parí kí ọjà tó tì láàyè láti forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gba ife líìgì Spéènì pẹ̀lú wọn ní sáà yẹn.

FIFA alára mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó. Nínú òfin wọn, agbábọ́ọ̀lù tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ìwé rẹ̀ parí, orúkọ rẹ̀ kò kúrò nínú ìwé àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè tó ti gbá a kẹ́yìn. Yóò wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n oṣù, tí wọ́n ń kà láti ọjọ́ tó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣe ìdágbére fún ní oṣù Karùn-ún 2026, tí gbogbo pápá dìde pàtẹ́wọ́ fún, tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá a rìn yí pápá ká, orúkọ rẹ̀ á ṣì wà nínú ìwé títí di oṣù Kọkànlá 2028.